Ìjókòó Kan sí Peking

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún dọ́là ni Olúdọ̀tun kà sọ́wọ́ Bàbá Jin lọ́dún 1986, owó ọkọ̀ òfurufú àlọ àti àbọ̀ láti Houston dé Peking. Olúdọ̀tun ló ni ilé ìfọṣọ kan ní Brays Oaks. Bàbá Jin ló ń bá a tún aṣọ àwọn oníbàárà rán.

"Ogójì dọ́là lóṣù," Olúdọ̀tun wí. "Mi ò gba èlé lọ́wọ́ ọmọ ọba. Àwọn ọmọ ọba ìlú tiwa kì í tilẹ̀ san ojú owó."

Bàbá Jin rẹ́rìn-ín. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n ọmọ ọba ni lóòótọ́. Inú ìdílé Manchu tó jọba lé gbogbo Ṣáínà lórí ni bàbá rẹ̀ ti wá. Adé ti bọ́ kí wọ́n tó bí i. Orúkọ ló bá nílé, kò bá owó. Bàbá rẹ̀ ta ẹṣin, ó ta àwo, ó ta ilé ní yàrá-yàrá. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó tà ni okùn kan tó wà nínú àpò lára ògiri. Bí wọ́n bá bí ọkùnrin, wọn a so ọrun kékeré, irú èyí tí a fi ń ta ọfà, mọ́ okùn náà. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, wọn a so aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́. Wọn a wá yọ òwú nínú àpò náà, wọn a fi sí ọmọ lọ́rùn. Ọmọ tí wọn kò bá ṣe é fún, àwọn ará ìṣáájú kò mọ̀ ọ́n.

Ọrun ti Jin ń bẹ níbẹ̀. Láti 1948 tó ti fi ilé sílẹ̀, kò tún fojú kàn án. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, àgbà ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ló ń tọ́jú okùn náà ní Peking, àyà sì ti ń dun ìyá àgbà náà. Ó ránṣẹ́ pé kí àbúrò òun tètè máa bọ̀.

Oṣù yẹn gan-an ni Evelyn, ọmọ Jin, bí obìnrin.

"Dádì, ẹ mú aṣọ pupa lọ, kí ẹ so ó fún un," Evelyn wí. Òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú ọmọ ọwọ́ ni. Owó rẹ̀ kò kọjá háyà ilé.

"Òwú ńkọ́? Ọrùn ta ni wọ́n máa fi sí?"

Bàbá Jin gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Olúdọ̀tun. Ìyẹn kò rẹ́rìn-ín.

"Bí a bá ń sọmọ lórúkọ nílé wa, ṣé aṣọ rẹ̀ la máa ń gbé dání? Ọmọ ni kó lọ. Ọmọ ọwọ́ tó bá jókòó lórí itan, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ọkọ̀ ni. Àádọ́rùn-ún dọ́là, mo lè fi ìyẹn kún un. Ìjókòó kejì ni n kò lè rà, Bàbá. Ẹ̀rọ ìfọṣọ méjì ló bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Itan ta ni yóò wà?"

"Ọmọ tó ń mu ọyàn? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

Bàbá Jin lọ ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan ṣoṣo títí aṣọ fi fẹ́ jóná.

"Orúkọ Evelyn ni kí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀," ó wí.

Ní pápákọ̀, ó kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìkíni ilé wọn. "Orúnkún kan ni o máa fi kanlẹ̀. Sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé orúnkún tèmi ni."

Nígbà tí Evelyn padà dé sí Houston, fọ́tò kan ló kọ́kọ́ fà yọ. Òwú wà lọ́rùn ọmọ. Lára okùn, nítòsí aṣọ pupa tuntun, ọrun kan wà tí kò tó ìka. Bàbá Jin fi àtàǹpàkò kàn án.

"Kí ni ẹ̀gbọ́n mi wí?"

"Lẹ́yìn tí a wọlé, wọ́n ṣì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn."

Nígbà tí oṣù parí, Bàbá Jin ka ọgọ́rin dọ́là síwájú Olúdọ̀tun.

"Ogójì la jọ sọ, Bàbá. Ẹ rọra máa san án."

"Rárá. Jẹ́ kí n sáré san án, kí n lè tètè tún yá òmíràn."