Brefo àti Obìnrin tí Kì í Jíṣẹ́

Bí ẹ bá bèèrè Kwadwo Brefo ní Kaase, ní apá ibi tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí ní Kumasi, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò sọ fún yín ni pé òun ni ọkùnrin tó ń fi ahọ́n tọ́ ọṣẹ wò. Òótọ́ sì ni. Kò sí ìkòkò ọṣẹ kan tó máa kúrò lórí iná ní ilé iṣẹ́ Maame Birago Nsiah tí Brefo kò ní fi ọmọ ìka kàn, kó gbé e sẹ́nu, kó tutọ́ sílẹ̀, kó tó wá mi orí pé ó ti jinná.

Ohun kejì tí wọn yóò sọ ni pé ọkùnrin náà kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ kí àwọn obìnrin tó ń gé ọṣẹ tún ọwọ́ mú, Ntim, olórí àwọn òṣìṣẹ́, ni yóò yíjú sí. Ntim á gbọ́ ọ tán, á wá kọjú sí àwọn obìnrin náà, tí wọ́n dúró síbi tí Brefo lè na ọwọ́ kàn, á ní, “Ọ̀gá ní kẹ́ ẹ tún ọwọ́ mú.” Àwọn obìnrin á dáhùn fún Ntim, Ntim á sì tún un sọ fún Brefo, bí ẹni pé odò kan wà láàárín wọn.

Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n máa ń pè é ní agbéraga. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ilé Wofa Badu, àbúrò ìyá rẹ̀, ni Brefo ti dàgbà, Wofa Badu sì ni ọkyeame ọba ìlú wọn, ẹni tó ń mú ọ̀pá olórí wúrà dání, tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará ìlú fún ọba, tó sì ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọba fún ará ìlú. Brefo kékeré á jókòó ti ògiri, á máa wo bí ọ̀rọ̀ tó gbóná janjan ṣe ń wọ etí Wofa, tó sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ní tútù, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í bá a bínú. Lójú tirẹ̀, bí èèyàn gidi ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Kéèyàn kàn la ẹnu kó sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ lójú ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ fún, ìwà àìtọ́ ni.

Bẹ́ẹ̀, ohun kan wà tó ń fẹ́, ó sì ń fẹ́ ẹ débi pé kì í jẹ́ kó sùn dáadáa. Ó ń fẹ́ kí Maame Birago fi òun ṣe ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà. Maame ti ń dàgbà, eékún ń dà á láàmú, ó sì ti ń sọ ọ́ kiri pé òun fẹ́ padà sí Mampong lọ sinmi. Brefo ti wà pẹ̀lú rẹ̀ láti ìgbà tí gbogbo ilé iṣẹ́ náà ṣì jẹ́ ìkòkò kan ṣoṣo lẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n kò bèèrè rí. Ta ni yóò bá a bèèrè? Wofa Badu ti kú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí Maame ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì lókè. Obìnrin kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé jókòó níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Brefo, Madam Araba Quansah nìyí,” ni Maame wí. “Cape Coast ló ti wá. Kóòṣì ni.”

Brefo tẹrí ba. Kóòṣì kan ṣoṣo tó mọ̀ ni èyí tó máa ń dúró sẹ́bàá pápá, tó ń pariwo mọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù.

“Àwọn obìnrin tó ń gé ọṣẹ ń fi wá sílẹ̀ lọ,” ni Maame ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. “Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o lè darí èèyàn bó o ṣe ń darí ọṣẹ. Madam yìí yóò máa bá ọ jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀, Maame,” ni Araba sọ. “Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ ohun tí à ń lé: kí Ọ̀gá Brefo lè darí àwọn èèyàn rẹ̀, kí wọ́n sì dúró. Tó bá yá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò tún jókòó, ká wo ibi tá a dé. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá bá bá mi sọ, ọ̀dọ̀ mi ló máa parí sí. N kò ní gbé e wá bá yín.”

“Ah-ah! Èmi tí mò ń sanwó?”

“Ẹ̀yin náà tí ẹ̀ ń sanwó.”

“Ẹ̀yin ará Fante ti Cape Coast!” ni Maame wí, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin àti ẹnu yín.”

Inú Brefo dùn dé góńgó. Ọ̀rọ̀ ti yé e, lójú ara rẹ̀. Ìgbà gbogbo ni Wofa Badu máa ń sọ fún ẹni tó bá mú ẹjọ́ wá pé, “Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o,” kó tó gbé e tọ ọba lọ. Ohun tí àgbà ń fẹnu sọ lásán nìyẹn. Ó ṣe kedere pé Maame ti wá ọkyeame fún ara rẹ̀, ó sì jọ pé ẹni tó mọṣẹ́ ni.

Nígbà tí Ntim gbọ́, ó fi Brefo ṣe yẹ̀yẹ́ títí. “Kóòṣì kẹ̀! Ọ̀gá, ta ló máa ṣọ́lé nínú yín?”

Yàrá kékeré kan tó ń rùn fún àdín, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó ọṣẹ sí, ni wọ́n ti ń pàdé. Iṣẹ́ obìnrin náà ya Brefo lẹ́nu. Kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Kì í gbani nímọ̀ràn. Ìbéèrè ló kàn ń bi í, á sì dákẹ́ títí Brefo yóò fi dáhùn. Brefo náà ń fún un ní ọ̀rọ̀ tó mọ́, tó ti ṣà dáadáa, irú èyí tó lè dé etí Maame láìfọ́. Ó yin ìfaradà Maame. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìkòkò àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, àyà rẹ̀ gbà á, ó sì sọ ọ́ jáde.

“Ó wù mí kí n di ọ̀gá àgbà níbí.”

“Ta ló mọ̀ pé ó wù yín?” ni Araba bèèrè.

Brefo rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin náà ti mọ̀ báyìí.”

“Èmi nìyẹn. Ta ló tún mọ̀?”

Ẹ wò ó bó ṣe ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀! Brefo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Wofa Badu gan-an ìbá gbóṣùbà fún irú èyí.

Ó wá ń ṣe é bíi kó mọ ọ̀nà tí obìnrin náà ń gbé ọ̀rọ̀ gbà. Lẹ́yìn ìpàdé, á dúró lójú fèrèsé, á máa ṣọ́ ọ. Araba á kí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, á ra kelewele tó ta yẹ́ríyẹ́rí lọ́wọ́ obìnrin tó ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá títì, á dúró jẹ ẹ́ tán, á nu ọwọ́, á wọ mọ́tò rẹ̀, ó di ilé. Kò gun àtẹ̀gùn lọ bá Maame rí. Brefo rò ó títí, ó wá gbà pé orí fóònù ni wọ́n ń ṣe é.

Lọ́jọ́ kan, ó ń kọjá lábẹ́ ọ́fíìsì nígbà tó gbọ́ ohùn Maame lókè: “Ẹ sọ díẹ̀ fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé nǹkan wà tí ọkùnrin yìí ń fẹ́ àbí kò sí?” Kó tó gbọ́ èsì Araba, ẹ̀rọ tó ń ro ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ọ̀rọ̀ ti dé ibi tó ń lọ. Ó kù kí èsì padà.

Èsì kò padà. Lójoojúmọ́, Maame á bèèrè pé, “Brefo, ṣé ọṣẹ dára?” Òun á ní, “Ó dára, Maame,” ibẹ̀ ni wọ́n sì ń pín yà. Nílé ọba, tí èsì bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀: ọba ti kọ̀, kò kàn fẹ́ kó ojú tì ọ́ ni. Ó dun Brefo wọra. Gbogbo ọjọ́ ayé òun nínú èéfín yìí, ọ̀rọ̀ kan kò tiẹ̀ tọ́ sí òun! Àwọn kan tí wọ́n ń ṣe ọṣẹ ní Tema ti ń pè é tipẹ́. Ó pè wọ́n padà, ó ní òun ń bọ̀.

Nígbà tó máa bá Araba jókòó tẹ̀lé e, kò wọ aṣọ iṣẹ́. Aṣọ ìbora ńlá ló dà sí èjìká, bí ẹni tó ń lọ sí ààfin.

“Madam Araba, ẹ ṣeun. Ẹ ti ṣe tiyín. Kí ó gba ọ̀dọ̀ yín dé ọ̀hún pé mo dúpẹ́, n kò bínú, mò ń lọ sí Tema.”

“Kí ó gba ọ̀dọ̀ mi dé ibo?”

“Ọ̀dọ̀ Maame.”

“Ọ̀gá Brefo, kí lẹ rò pé mo ti sọ fún Maame?”

“Gbogbo ẹ̀ náà ni.”

“N kò sọ nǹkan kan.”

“Ẹ ò sọ díẹ̀ pàápàá?”

“Kò sí díẹ̀ kankan. Ṣé n kò sọ bẹ́ẹ̀ lójú yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni?”

“Ẹ sọ ọ́! Ṣùgbọ́n ta ni kì í sọ bẹ́ẹ̀?” Inú bí Brefo débi pé aṣọ yọ̀ kúrò léjìká rẹ̀. “Kí wá ni iṣẹ́ yín gan-an? Látọjọ́ yìí, ẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ẹ sì ń gbé e mì bí ẹni gbé fùfú mì?”

Araba bú sẹ́rìn-ín. Brefo kọ́kọ́ fajú ro, àfi bí ẹ̀rín ṣe mú òun náà, tó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá sọ gbogbo ọ̀rọ̀ Wofa Badu àti ọ̀pá olórí wúrà fún un.

“Mo jẹ̀bi yín,” ni Araba wí nígbà tó gbọ́ tán. “Ó yẹ kí n ti bi yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ta lẹ fi mí pè. Ó dáa, tí èmi ò bá sí, ta lẹ bá rán sí Maame?”

“Wofa mi.”

“Wofa ti lọ. Ta ló kù?”

Brefo wo ilẹ̀. “Èmi.”

“Ó yá, ẹ sọ ọ́ fún mi bí ẹni pé èmi ni Maame.”

Brefo dúró, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó kí Maame, ó kí àwọn tó bí Maame, ó kí ìlú Mampong, ó bọ́ sórí bí òjò ṣe rí lọ́dún yẹn.

“Maame ti sùn lọ,” ni Araba wí. “Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀.”

Ìjókòó ẹlẹ́ni mẹ́ta tí wọ́n ti fẹnu kò sí kò pẹ́ kó tó wáyé. Maame jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sórí àpótí kan. Brefo kọjú sí Araba, ó la ẹnu. Bí Araba ṣe rí i pé òun ló kọjú sí, ó dìde.

“Ẹ má bínú, òùngbẹ ń gbẹ mí,” ló wí, ó jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Àga Araba wà níbẹ̀ lófìfo. Brefo wò ó. Maame náà wò ó. Ẹ̀rù ba Brefo, kò sì sí ibi tó máa gbé e sá sí.

“Maame, mo fẹ́ di ọ̀gá àgbà níbí,” ló wí. “Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fẹnu ara yín sọ fún mi, torí mo ti fẹ́ máa lọ sí Tema.”

Maame yíjú sí àga òfìfo náà. “Ẹ bá mi sọ fún un pé…” Ó wá yíjú sí Brefo. “Ìgbà wo lo ti ń fẹ́ ẹ?”

“Láti ìgbà ìkòkò kan.”

“O sì jẹ́ kí n máa wá ẹlòmíì kiri! Mo rò pé ọṣẹ nìkan lo fẹ́ láyé.” Inú ń bí i, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. “Kí ló lé Akua Kyem kúrò nídìí ọṣẹ gígé níbí?”

“N kò mọ̀, Maame.”

“Èmi mọ̀, torí ó wá dágbére fún mi. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń gé ọṣẹ fún ọ, o ò pe orúkọ òun rí.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Brefo lára. Ó mọ orúkọ Akua. Ó mọ orúkọ gbogbo wọn, ó mọ ọmọ wọn, ó tiẹ̀ mọ ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lára bí ọṣẹ ṣe gé sí. Ó kàn jẹ́ pé kò sọ fún Ntim rí pé kó bá òun pe orúkọ wọn.

“Sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn,” ni Maame wí. “Ká tó sọ ti Mampong.”

Bó ṣe wọ ibi tí wọ́n ti ń gé ọṣẹ, Ntim sáré wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dẹ etí sílẹ̀.

“Ntim, lọ jókòó.”

“Ọ̀gá?”

“Mo ní kó o jókòó.”

Wáyà tí wọ́n fi ń gé ọṣẹ dúró lọ́wọ́ àwọn obìnrin náà. Brefo kọjú sí wọn.

“Adwoa Frema,” ló wí.

Frema wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíì ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

“Maa Tiwaa. Yaa Sika. Abena Dufie.” Ó pe gbogbo wọn, kò fo ẹnì kankan. Nígbà tí orúkọ tán, ó kàn dúró níbẹ̀, ó ń làágùn.

Maa Tiwaa, àgbà wọn, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ọ̀gá, ohùn yín nìyẹn? Gbogbo bó ṣe pẹ́ tó yìí, a ti rò pé Ntim ló ń yá yín ní tiẹ̀.”

Ẹ̀rín sọ. Ntim gan-an di ikùn mú. Brefo dúró kí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, ó wá bèèrè, “Kí ló ń lé yín lọ?” Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́ bí Araba ṣe máa ń dákẹ́.

Frema gbé wáyà sílẹ̀. “Ọ̀gá, ẹ wá ibi jókòó. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀.”

Ó fa àpótí kan, ó jókòó sáàárín wọn. Kò tíì kúrò níbẹ̀ nígbà tí àtẹ̀gùn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Maame Birago ni, ẹni tó máa ń ránṣẹ́ pe gbogbo ayé wá sókè. Òun ló ń bọ̀ wá sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀, ó di irin mú, ó ń fi eékún tó ń dùn ún sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dé iwájú Brefo, ó fọwọ́ ti tábìlì ọṣẹ.

“Brefo,” ló wí lójú gbogbo wọn, “ìgbà wo ni kí n máa lọ sí Mampong?”

Brefo wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ntim ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀, ó mú ojú kúrò.

“Ẹ jẹ́ kí Frema sọ tiẹ̀ tán, Maame,” ni Brefo wí, ó sì dìde kúrò lórí àpótí náà fún un. “Ẹ jókòó. Ó kan ẹ̀yin náà.”