Orin Tó Ń Dún sí Màámi Láyà

Ó ti rẹ̀ mí tipẹ́ kí Màámi tó ṣubú. Kì í ṣe àárẹ̀ ara. Ìjà orin ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkàrẹ́ ni mo ti ń tẹ dùrù láti ìgbà tí mo ti jẹ́ tísà kékeré, kí irun mi tó funfun. Orin ìwé ni wọ́n fi wò mí dàgbà. Bí mo bá fọwọ́ kan dùrù, tí àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ sì gbé tiwọn wọlé, ọkàn mi á balẹ̀, mo mọ̀ pé mo ti dé iwájú Ọlọ́run nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ra gíta, wọ́n ra ìlù òyìnbó, wọ́n ra sípíkà tó ga tó èèyàn. Láti ìgbà náà ni ọjọ́ ìsinmi ò ti ní ìsinmi nínú mọ́.

Bí ìsìn bá ti parí, ìpàdé ló kàn. Àwọn àgbà á ní orin àwọn ọmọ yìí ò yàtọ̀ sí ti ilé ọtí. Àwọn ọmọ á ní orin ìwé ń kun àwọn lóorun. Lọ́jọ́ kan, bàbá ìjọ dìde láàárín orin ìyìn, ó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀, ó jáde, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, bí mo ti ń tẹ dùrù, àwọn ọ̀dọ́ dúró sábẹ́ igi máńgòrò níta, wọ́n ń tẹ fóònù wọn títí orin fi parí. Àlùfáà wa, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í fẹ́ ṣẹ ẹnikẹ́ni, pè mí sí yàrá rẹ̀.

"Tísà, ẹ bá mi dá sí i. Èwo lẹ rò pé Ọlọ́run fẹ́ nínú méjèèjì?"

"Ẹ̀yin lẹ jẹ́ àlùfáà, sà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá fọwọ́ lẹ́rán. "Èmi náà ò mọ̀."

Àsìkò yẹn ni Màámi yọ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀ ní Ọ̀kà. Egungun kankan ò ṣẹ́, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò lè dá jáde mọ́. Nínú àwọn ọmọ tó bí, èmi nìkan ni mo wà nítòsí. Mo sọ fún ìjọ pé mi ò ní wá fúngbà díẹ̀, ara sì tù mí bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ ìsinmi àkọ́kọ́, mo rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí Màámi ti jẹ́ akọrin látìgbà wúńdíá ni a ń lọ. Níbẹ̀ ló ti kọ́ mi lórin, ó máa ń fi ìka lu ìwọ̀n orin sí mi lórí itan. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó gbá ọwọ́ mi mú, ó tọ́ka sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí ìjọ kékeré kan wà lábẹ́ páànù, tí wọn ò tíì rẹ́ ògiri rẹ̀.

Mo fi ẹnu sí i létí, mo pariwo, torí etí rẹ̀ ti ń di láti bí ọdún mélòó kan. "Màámi, ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹ́ gbọ́ ìlù nínú ìsìn?"

"Ọkọ mi, jẹ́ ká lọ."

Iwájú pátápátá ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà. Jẹnẹrétọ̀ ń bú ní ẹ̀yìn ògiri. Okùn gíta wọn ò dọ́gba, ohùn ẹni tó ń lé orin sì ti yà kúrò lójú ọ̀nà látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Mo ní ká sún sẹ́yìn. Màámi mi orí, ó mú àtẹ́lẹwọ́ mi, ó gbé e lé bẹ́ǹṣì. Bẹ́ǹṣì náà ń gbọ̀n.

"Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá lọ́hùn-ún, ẹnu wọn ni mo máa ń wò," ló sọ, bí adití ti ń sọ̀rọ̀, láì mọ̀ pé òun ń pariwo. "Wọ́n á kọrin, wọ́n á jókòó, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan. Èyí ń dún sí mi láyà."

Ó dìde, ó di bẹ́ǹṣì mú, ó ń kọrin. Èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìkan ló gbọ́ ọ. Kì í ṣe orin tí ìjọ ń kọ ló ń kọ. Orin ìwé ni, ohùn kejì, èyí tó kọ́ mi. Kò bá ìlù náà mu rárá. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo fẹ́ gbé ohùn tèmi sí i, ṣùgbọ́n ariwo náà kò jẹ́ kí n mọ ibi tí màá ti wọlé. Mo dúró tì í, mo di bẹ́ǹṣì mú.

Nígbà tí mo padà sí Ìkàrẹ́, mo ròyìn ọ̀rọ̀ Màámi àti sípíkà náà nípàdé. Bàbá ìjọ ní, "Ṣé adití ni gbogbo wa ni?" Olórí àwọn ọ̀dọ́ fò sókè: "Tísà, ẹ ò rí i pé sípíkà wa dára!" Nígbẹ̀yìn, wọ́n pín ìsìn sí méjì, ti orin ìwé láàárọ̀ kùtùkùtù, ti gíta lẹ́yìn rẹ̀. Ìjà parí. Ìlàjì bẹ́ǹṣì ló máa ń ṣófo nínú ìsìn méjèèjì báyìí, àwọn tọkọtaya mìíràn kì í sì í jọ wá mọ́.

Mò ń tẹ dùrù nínú ti àárọ̀, lẹ́yìn náà ni mo máa ń wọ mọ́tò gba àárín àpáta lọ sí Ọ̀kà. Mi ò tíì fẹ́ràn orin wọn níbẹ̀. Orí ṣì máa ń fọ́ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ti ń di Màámi lápá mú padà sílé, ó bi mí léèrè.

"Ṣé o gbádùn ìsìn?"

"Ariwo wọn pọ̀, Màámi."

Kò gbọ́. Ó mi orí bíi pé mo dáhùn dáadáa, ó ní kí n rọra, òkúta pọ̀ lójú ọ̀nà. Mi ò tún un sọ.