Ìwádìí Tí Màmá Gertrude Ṣe Nítorí Ẹsẹ̀ Rẹ̀

Bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Màmá Gertrude ní Surulere, ìtàn ọjọ́ tí ìyá tó bí físíò rẹ̀ wọlé dé ni ẹnu kọ́kọ́ máa ń bà. Ìyá náà wọ léèsì, ó gbé apẹ̀rẹ̀ èso, àbúrò ọkọ rẹ̀ sì tẹ̀lé e. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kúulé o, mà. A gbọ́ pé ẹ ti ń ṣèwádìí ọmọ wa. Àwa náà ní ká wá mọ ilé àna."

Màmá wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó nà sórí àpótí. "Àna kẹ̀? Ẹsẹ̀ ni mo ní kó bá mi tọ́jú!"

Ọmọ́táyọ̀, ọmọ àbúrò Màmá tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, sá wọ ilé ìdáná. Òun ni wọ́n rán níṣẹ́ ìwádìí náà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Màmá, ẹsẹ̀ òsì kò sì gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Dókítà ní kó tètè wá físíò, ẹni tó ń fi ìfọwọ́ra àti ìdárayá mú ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ padà, kí ẹsẹ̀ má baà gan pátápátá. Ohun tó dun Màmá jù ni pé àlùfáà ló ń gbé oúnjẹ Olúwa wá bá a lórí ìjókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Ṣé ẹni tí wọ́n pè síbi oúnjẹ kì í dìde lọ ni?" Ó fẹ́ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibi pẹpẹ.

Ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò ilé-ìwé ni Màmá kó tó fẹ̀yìn tì, kì í fọkàn tán ènìyàn bọ̀rọ̀. Ó sì ti rí bí ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní dókítà eegun ṣe lọ́ orúnkún Fàósátù, aládùúgbò wọn, títí tó fi wú. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nígbà tí wọ́n júwe Olúdayọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin físíò kan nítòsí Ojú Ẹlẹ́gbà, Màmá pe Ọmọ́táyọ̀.

"Lọ wádìí ẹ̀ dáadáa. Ọmọ ta ni? Ṣé ó ní sùúrù? Ṣé kò sí wèrè nídìílé wọn?"

"Físíò mà ni o, mà, kì í ṣe ọkọ."

"Ẹni tó máa di itan mi mú? Ọkọ mi pàápàá, wọ́n wádìí ẹ̀ kó tó débẹ̀!"

Ni Ọmọ́táyọ̀ bá lọ bá lánlọ́ọ̀dù Olúdayọ̀, ó lọ bá pásítọ̀ rẹ̀. Omidan tó ń béèrè ìdílé ọkùnrin káàkiri, kí ni kí aráyé rò? Lánlọ́ọ̀dù ló tẹ ìyá rẹ̀ láago ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé kó máa múra sílẹ̀.

Nígbà tí Màmá ṣàlàyé tán fún ìyá Olúdayọ̀ lọ́jọ́ náà, ìyá náà bú sẹ́rìn-ín. "Mà, ẹ ti béèrè wèrè ìdílé wa. Ṣé ẹ ti béèrè ìwé àṣẹ iṣẹ́ ẹ̀?"

Olùyẹ̀wò fọwọ́ lu orí ara rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ló gbàgbé.

Lọ́jọ́ kejì, Ọmọ́táyọ̀ gba orúkọ àti nọ́ńbà ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Olúdayọ̀ fúnra rẹ̀, ó fi béèrè lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń fún àwọn físíò láṣẹ. Wọ́n ní orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì ti gba ti ọdún náà. Nígbà tí Olúdayọ̀ dé, Màmá na ẹsẹ̀ sí i. "Ó yá. Ṣùgbọ́n rọra o, mo ti mọ ìyá ẹ."

Ó ké, ó bú u, ó sì ṣàdúrà fún un, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ gbọ́ níkẹyìn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó rìn lọ síbi pẹpẹ, orin tán, wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, Màmá ṣì ń bọ̀. Ó débẹ̀. Ọmọ́táyọ̀ sunkún láìtijú.

Kò fẹ́ Olúdayọ̀ o, ẹ má dúró de ìyẹn. Ìyá Olúdayọ̀ nìkan ló ṣì ń retí.

Láti ìgbà náà, bí ọdún bá ti yí, Olúdayọ̀ gbọ́dọ̀ mú ìwé àṣẹ tuntun wá kó tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀. Màmá á wọ awò ojú, á kà á látòkè délẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, Màmá sùn, kò jí mọ́.

Ní oṣù kìíní yìí, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Olúdayọ̀ ni, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ti dé géètì yín kí n tó rántí," ó ní.

Àárò Màmá sọ Ọmọ́táyọ̀. Ó gba ìwé náà, ó jókòó, ó kà á látòkè délẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, kó tó ní kí Olúdayọ̀ wọlé.