Rédíò Bàbá Mi Lọ́jọ́ Ìsinmi

Ó ṣì ń bí mi nínú títí dòní. Sátidé ni àwọn obìnrin máa ń gbá àṣekágbá tẹníìsì orí amọ̀ pupa ní Párì, Sátidé náà sì ni Ọjọ́ Ìsinmi tí à ń pa mọ́ nílé wa ní Ìkẹ́nnẹ́. Bàbá mi, alàgbà ìjọ, á gbé rédíò pamọ́ sí yàrá wọn títí oòrùn á fi wọ̀. Lọ́dún kan, wọ́n fi pankẹ́rẹ́ nà mí torí pé mo lọ gbọ́ èsì nílé aládùúgbò. Lọ́dún kejì, mo mú sùúrù. Bí a ṣe ṣàmín àdúrà ìrọ̀lẹ́ tán, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé rédíò jáde.

Wọ́n ní, "Má wulẹ̀ yọ ara ẹ lẹ́nu. Obìnrin tó ń fọwọ́ òsì gbá bọ́ọ̀lù yẹn ló borí."

Mo wọ yàrá wọn, mo gbọ́wọ́ lé rédíò. Ó ṣì gbóná.