Orúkọ Tó Wà Lókè Fáìlì

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mò ń kọ yìí: kì í ṣe tèmi, kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ mi tó ti kú, kì í ṣe ti ọ̀gá wa. Máfolúkù ni mò ń gbé, ọ̀gá sì ń gbé ní Ire-Akari. Kò jìnnà tó. Mo ṣì ń jẹun lórí iṣẹ́ tí mò ń ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni a ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìsọlọ̀. Èmi ni mò ń tẹ̀wé. Ìwé ètò ìsìnkú ló pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń tẹ̀, àti ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rẹ́ mi ló mọ inú kọ̀ǹpútà. Ó kọ́ ọ fúnra rẹ̀, ní àwọn wákàtí tí oníbàárà kì í sí. Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní kékeré, ó gbàgbé ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kan, àìsàn tó yẹ kí abẹ́rẹ́ náà dènà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ọmọ náà lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kó kọ ètò kékeré kan tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán àwọn ìyá létí pé ọ̀la ni ọjọ́ abẹ́rẹ́. Ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ní àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Àwọn tí a ò rí sójú rí ń kọ̀wé sí wa pé àwọn ti bá wa tún ibi báyìí báyìí ṣe.

Fáìlì pọ̀ nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Lókè fáìlì kọ̀ọ̀kan, ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin máa ń wà tí kọ̀ǹpútà kì í kà. Ènìyàn ni wọ́n kọ ọ́ fún: ta ló ni iṣẹ́ yìí, ọdún wo ló ṣe é, kí ni láísẹ́ǹsì rẹ̀ gbà láyè. Láísẹ́ǹsì tiwa ò le rárá. Mú un, lò ó, tún un ṣe, tà á pàápàá bó o bá rí ẹni rà á. Ohun kan ṣoṣo tí o ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó o yọ ọ̀rọ̀ òkè yẹn kúrò.

Ọ̀rẹ́ mi ò ní sùúrù fún un. Ó ní, “Ìyá Ìbejì, ìwọ tó o máa ń to orúkọ àwọn ọmọ olóògbé láìfi ẹnì kan sílẹ̀, wá bá mi tọ́jú eléyìí.”

Bó ṣe di iṣẹ́ mi nìyẹn. Bí ẹnì kan bá fi fáìlì tuntun ránṣẹ́, èmi ni mo máa wò ó bóyá ọ̀rọ̀ òkè wà lórí rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdọọdún, mo máa ṣí gbogbo wọn, mo máa yí ọdún padà.

Bí mo ṣe ń to orúkọ nínú ìwé ìsìnkú ni mo ṣe tò ó. Nínú ìwé ìsìnkú, àgbà ló ń ṣíwájú. Bí àkọ́bí ò bá tilẹ̀ yọjú síbi òkú, orúkọ rẹ̀ ló máa wà lókè. Nítorí náà, ní ìlà tó sọ ẹni tó ni iṣẹ́, orúkọ ọ̀gá ni mo kọ. Ọ̀gá ò kọ ìlà kan nínú ètò náà. Ṣùgbọ́n òun ló ni ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi ọdún mẹ́wàá dáadáa ju àwa méjèèjì lọ. Orúkọ ọ̀rẹ́ mi wà lábẹ́ rẹ̀, pé ó bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Mo pè é kó wá wò ó. Ó pa àtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín.

“Ọ̀gá tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà!”

“Ṣé kí n yọ ọ́ ni?”

“Fi í sílẹ̀ jàre. Àgbà ni. Bó bá rí orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀, bóyá á ra fáànù fún wa.”

Ọ̀gá rí i lóòótọ́, inú rẹ̀ sì dùn. Kò ra fáànù.

Àkáǹtì kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù ní lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ọ̀gá ló sì wà lórí ìyẹn náà. Gbogbo àtúnṣe tí ọ̀rẹ́ mi ṣe, bí ẹni pé ọ̀gá ló ṣe é ni. Ìlà kan tí mo kọ sábẹ́ yẹn nìkan ló ń jẹ́rìí pé obìnrin yìí ti jókòó níbẹ̀ rí. Ẹ̀rù ti máa ń bà mí kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé kó da iṣẹ́ rẹ̀ kọ síbòmíràn. Á ní, “Iná ò lè jó ohun tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Ìyá Ìbejì. Fọkàn balẹ̀.”

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni iná sọ nínú ilé náà. Ẹnì kan nísàlẹ̀ ń kó bẹntiróòlù pamọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì. Mo dúró ti ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì lẹ́nu ọ̀nà. Òun wà ní yàrá inú, níbi tí wọ́n ti fi irin dí fèrèsé nítorí olè. Èéfín ló kọ́kọ́ wọlé. Mi ò mọ̀ pé mo sáré títí mo fi bá ara mi lójú títì, tí awọ ọwọ́ òsì mi ti bó. Mo gbọ́ nígbà tó pè mí, ẹ̀ẹ̀mejì. Mi ò padà. Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún mi pé ká ní mo padà ni, àwa méjèèjì ni wọn ì bá sin. Ó lè jẹ́ òótọ́. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè jókòó níbi tí mi ò ti rí ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá ló gbé mi sínú mọ́tò rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Ó jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi ṣú. Mi ò lè gbàgbé ìyẹn, òun náà ò sì jẹ́ kí n gbàgbé.

Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni mo fi tẹ ìwé ètò ìsìnkú ọ̀rẹ́ mi. Ní ìlú wọn ní ìpínlẹ̀ Ògùn, lójú sàréè, mo di ọmọ rẹ̀ mú, mo sọ fún un pé kó má sunkún, pé orúkọ ìyá rẹ̀ wà lórí gbogbo fáìlì, iná ò sì lè jó o. Nígbà tí oṣù kìn-ín-ní dé, mo yí ọdún tó wà níwájú orúkọ ọ̀gá padà. Mo fi ti ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀ síbi tó dúró sí.

Ọdún kejì lẹ́yìn iná náà, a ti kó wá sí ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ní Máfolúkù, ọ̀gá sì pè mí wọ yàrá rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan láti Erékùṣù fẹ́ bá a da òwò pọ̀ lórí ètò náà. Fáìlì á ṣì wà níta kí ènìyàn lè wò ó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa lè mú un lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Láti yí láísẹ́ǹsì padà bẹ́ẹ̀, àfi kí gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ gbà.

“Lọ́yà wọn ti wo gbogbo fáìlì wa, Ìyá Ìbejì. Ó ní ó mọ́ tónítóní. Ó yìn ọ́.”

“Ẹ ṣeun, sà.”

“Ohun kan ló kù. Orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ yẹn. Bó bá wà níbẹ̀, àfi kí àwọn ẹbí rẹ̀ wá fọwọ́ sí i. Ìwọ náà mọ àwọn ará ilé rẹ̀. Wọ́n á sọ ọ́ di ẹjọ́.”

“Ọ̀gá, òun ló kọ gbogbo rẹ̀, sà.”

“Ṣé mo ní kì í ṣe òun ni? Ta ni ìwọ fúnra rẹ kọ sókè pé ó ni ín?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

“Ṣé mo yọ ìbọn sí ọ kó o tó kọ ọ́?”

“Rárá, sà. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ àgbà, sà.”

“Ó dáa. Ìwọ lo kọ ọ́ síbẹ̀, ìwọ náà ni kó o bá mi yọ ọ́.” Ó wo ọwọ́ òsì mi. “Ọwọ́ yẹn ńkọ́? Ṣé kì í dùn ọ́ mọ́?”

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo da gbogbo fáìlì náà kọ sínú fíláàṣì kan bí wọ́n ṣe wà. Mo wé e sínú ọ̀rá, mo rì í mọ́ inú ike gàrí nílé. Ọ̀nà kan wà tí ènìyàn lè fi yọ ọ̀rọ̀ kan nínú gbogbo fáìlì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rẹ́ mi ló kọ́ mi. Mi ò lo ọ̀nà yẹn. Mo ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń ka orúkọ rẹ̀, mo ń pa á rẹ́. Ó gbà mí ní ọ̀sán méjì. Lẹ́yìn náà, ọ̀gá ní kí wọ́n pa ojú ìwé àtijọ́ ti ètò náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ́, wọ́n sì ṣí tuntun. Àwọn tó ti mú ètò náà tẹ́lẹ̀ lè ṣì ní i pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lórí, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí wọ́n wà.

Ọmọ tí ètò náà tìtorí rẹ̀ wáyé ti dàgbà. Ó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà nílé ẹ̀kọ́ gíga. Lọ́dún tó kọjá, ó wá bá mi nílé láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Bọ́ládé, ó gbé láàpútọ́ọ̀pù dání.

“Àǹtí, ẹ ní orúkọ mọ́mì mi wà lórí gbogbo fáìlì.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀.”

“Mo ti ṣí gbogbo ẹ̀. Orúkọ ọ̀gá yín nìkan ni mo rí. Àwọn ọmọ kíláàsì wa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ìyá àwọn náà ló kọ Íńtánẹ́ẹ̀tì.”

Ike gàrí wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí mo bá nawọ́, ọwọ́ mi á tó o. Mo rò ó: ọmọdé ni, á pariwo, á gbé e jáde kí gbogbo ayé rí i, ọ̀gá á sì mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an ibi tó ti wá. Mo wo ilẹ̀kùn.

“Bóyá mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ,” ni mo wí. “Ó ti pẹ́. Orí mi ò pé lọ́jọ́ yẹn.”

“Àbí kì í ṣe mọ́mì mi ló kọ ọ́ ni?”

“Mọ́mì ẹ bá wọn ṣe díẹ̀ níbẹ̀.”

Ó pa láàpútọ́ọ̀pù dé. Ó kúnlẹ̀ kí mi pé ó dàbọ̀, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Mo sìn ín dé ibi tó ti máa wọkọ̀. Kò tíì padà wá.

Oṣù kìn-ín-ní tún dé lẹ́yìn ìyẹn. Mo jókòó síbi tí mo ti rí ilẹ̀kùn, mo ṣí àwọn fáìlì náà, mo yí ọdún padà. Tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ yẹn máa ń gbà mí ju ọjọ́ kan lọ, nítorí ìlà méjì ni mo gbọ́dọ̀ máa wò nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan, ti ọ̀gá àti ti ọ̀rẹ́ mi. Báyìí, kí wọ́n tó jáde ìsìn ọ̀sán ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ wa, mo ti ṣe é tán. Orúkọ kan ṣoṣo ló kù.