Ojú Ẹ̀gà ní Ìgàndó

Ilẹ̀ kò tí ì mọ́ nígbà tí mo gbé kámẹ́rà kọ́rùn, tí mo rọra ń ṣílẹ̀kùn ilé wa ní Ìpájà kí Màmá má baà jí. Asán ni. Wọ́n ti jí tipẹ́.

"Ojú ẹyẹ náà ni kí o yà wá o," ni wọ́n wí láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀yin ará ilé ní Èkìtì mọ̀ pé èmi ni mo wá gbé ìyá mi kúrò lọ́dọ̀ yín wá sí Èkó nígbà tí wọ́n ṣubú tí egungun itan wọn kán. Wọn kò lè jáde mọ́. Ògiri aládùúgbò ni fèrèsé wọn kọjú sí, díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu wọn. Àfi ní Sátidé tó kọjá, tí mo fi fọ́tò ẹyẹ ẹ̀gà tí mo yà lórí ọ̀pẹ kan ní Ìgàndó hàn wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ̀rọ̀ ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa ní Èkìtì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n òkèèrè ni mo ti yà á. "Ẹ̀gà lójú pupa," ni wọ́n ní. "N kò rí ojú. Sún mọ́ ọn." Ìdí nìyẹn tí mo fi tún ń lọ.

Ní Ìkòtún mo wọ kẹ̀kẹ́ ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, iye tí ọ̀kadà ní Èkìtì ì bá fi gbé mi lọ sóko kó tún gbé mi bọ̀. Ihò ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà. Lékèélékèé tó ń tẹ̀ lé màlúù lọ́dọ̀ wa, orí ààtàn ló ń ṣa nǹkan jẹ níhìn-ín. Wọ́n fò kọjá lórí àwọn ọmọ, ọmọ kankan kò na ìka sókè pé kí wọ́n fún òun ní èékánná funfun. Mo yà wọ́n láti inú kẹ̀kẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin náà ṣá!" ni awakọ̀ wí. "Ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni àbí?"

"Màmá mi ni mo ń yà á fún."

"Háà. Ẹ bá mi kí Màmá jàre."

Ariwo ẹ̀gà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń wá kiri, òun ló ń pàdé èèyàn lọ́nà. Mo dé ẹnu ọ̀nà àdúgbò náà, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀pẹ ti wà nílẹ̀. Ìtẹ́ fọ́n káàkiri, èèrà ti bo àwọn ọmọ ẹyẹ. Bàbá kan jókòó sórí kùkùté ọ̀pẹ náà.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Kí ló dé tí wọ́n gé ọ̀pẹ yìí?"

Wọ́n wo kámẹ́rà mi. "Ẹ tún ti dé? A ti gé e lánàá. Kí ẹ̀yin ará ìjọba lọ wá ohun mìíràn tí ẹ máa fi sàmì sí ilé wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ṣe ya fọ́tò ilé tó wà nígun yẹn, kò pẹ́ tí ẹ fi kun ún ní ọ̀dà pupa, ẹ sì wó o."

"Ẹyẹ ni mo ń yà, sà."

"Ẹyẹ?"

"Ẹyẹ ni, sà."

Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ̀ bá ti sọ! Ẹ dúró síbí lọ́jọ́ yẹn fún odidi wákàtí kan, ẹ ò kí ẹnikẹ́ni. Mo bá ọ̀pẹ yẹn níbí kí n tó kọ́lé ni o."

Ní Èkìtì, ta ni mo jẹ́ tí màá nawọ́ sí igi onígi láì kí onílé? Èkó ti kọ́ mi láti máa kọjá bí ẹni tí kò rí ènìyàn. Èmi ni mo gé ọ̀pẹ yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò di àáké mú.

Akọ ẹ̀gà kan ṣì wà láàyè lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, apá rẹ̀ ti kán. Mo kúnlẹ̀ tì í, kò fò. Mo yà á, mo sì gbé e. Kí n tó wọ kẹ̀kẹ́, ó ti kú sí mi lọ́wọ́.

Ọ̀sán ni mo délé. Màmá gba kámẹ́rà, wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ojú rẹ̀ rèé. Ó pupa lóòótọ́." Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín kúrò lójú wọn.

"Ẹ̀gà kì í jẹ́ kéèyàn sún mọ́ òun tó báyìí. Kí ló ṣe é tí kò lè fò?"

Mo nawọ́ láti gba kámẹ́rà padà. Wọ́n gbé kámẹ́rà lé itan tó kán yẹn, wọ́n sì yíjú padà sí ògiri.