Òkúta Tí Mo Gbé Kúrò Nídìí Òwú

Mo rántí ìró òfì bàbá mi n'Ísẹ́yìn, lọ́dún tí mo ti yunifásítì wálé fún ìsinmi. Ìyá mi ti kú lóṣù mẹ́ta ṣáájú, láti ọjọ́ náà bàbá mi kò sì fẹsẹ̀ tẹ mọ́ṣáláṣí mọ́. Bí ládàánì bá pe ìrun, ṣe ni yóò túbọ̀ máa hunṣọ. Àwọn àgbà àdúgbò bẹ̀ ẹ́ títí, ó sú wọn. Èmi kò bẹ̀ ẹ́ ní tèmi. Mo ti ka fìlọ́sọ́fì, mo sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́ pé Ọlọ́run wà, ojú ìwé méjìlá, tí olùkọ́ fún ní máàkì tó dára.

Mo jókòó tì í, mo ní ohunkóhun tó bá ń rìn, nǹkan mìíràn ló ń mú un rìn, títí a ó fi kan Ẹni tí ohunkóhun kò mú rìn. Kò wòkè. Mo bá nawọ́ sí òkúta tí a gbé lé pátákó ní ìpẹ̀kun òwú rẹ̀, èyí tó ń mú kí òwú le, tó sì ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ ti ń gùn.

“Bàbá, òwú ló ń fa òkúta yẹn. Ta ló ń fa òwú?”

“Èmi ni.”

“Ẹ̀yin náà ńkọ́, ta ló ń mú yín ṣe é?”

“Ebi ni,” ni ahunṣọ kan tó jókòó nídìí òfì tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi dá mi lóhùn.

Ojú tì mí. Kí n lè fi hàn wọ́n pé gbogbo rẹ̀ yóò dàrú bí a bá yọ ẹyọ kan, mo lọ gbé òkúta náà kúrò, èmi ọmọ ahunṣọ. Òwú dẹ̀, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbé e, ó lọ́ pọ̀.

Bàbá mi ní, “Alákọ̀wé, ta ló sọ fún ọ pé mo ní Ọlọ́run kò sí? Ẹni tí kò sí, ṣé èèyàn lè bá a bínú? A ò kàn bára wa sọ̀rọ̀ mọ́ ni.”

Àwa méjèèjì jókòó tú òwú náà di ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìyá mi láti ọjọ́ ìsìnkú. Nígbà tí ládàánì pè, ó ní, “Di ibí yìí mú fún mi.” Ó ṣe àlùwàlá, ó lọ. N kò lè fi òwú sílẹ̀, kó má tún lọ́. Èmi tí mo gbé ẹ̀rí Ọlọ́run wálé ni kò ráyè kírun.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fáwọn èèyàn pé àlàyé mi ló dá bàbá mi padà sí mọ́ṣáláṣí. Ìyàwó mi kú lọ́dún tó kọjá. Mo wá ojú ìwé méjìlá náà jáde nínú àpótí, mo kà á látòkè délẹ̀. N kò rí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀, n kò sì rí ìtùnú. Mo dá a padà síbẹ̀, mo sì pe ọmọ mi lórí fóònù pé kó wálé ká jọ jókòó, kó má gbé ìwé kankan dání.